Wọ́n Lè Gé Eegun Ẹni Tó Ga Jù, Ṣùgbọ́n Inú Orí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìròyìn kàn wá láti Èkó pé Afeez Agoro Oladimeji ti kú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Pobè àti ní Àjàṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n lójú, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ọkùnrin tó ga tó mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 24, tí àwọn oníròyìn ń pè ní ẹni tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Fídíò rẹ̀ máa ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn ènìyàn á dúró, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ní kó jẹ́ kí àwọn yà á. Ohun tí fídíò kì í fi hàn ni pé ọkọ̀ èrò kò gbà á, bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu kò sí lọ́jà, ibàdí sì ń dùn ún débi pé ó ti bẹ àwọn ará ìlú rí pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ nítorí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń padà wá sọ́dọ̀ wa, pàápàá láti ẹnu àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì: ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ kan wà lókè òkun tó lè mú ènìyàn gíga kúrú? Òótọ́ ni, ó wà. A ti wádìí rẹ̀, a ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun tí iṣẹ́ abẹ yẹn ń mú kúrò kò tó nǹkan, àti pé ohun tó ń pa àwọn tó ga kọjá ààlà kò sí nínú eegun itan wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gé e

Eegun itan ló gùn jù nínú gbogbo eegun ara. Ó ní ihò nínú bí ọ̀pá oparun, inú ihò náà sì ni mùdùnmúdùn wà. Oníṣẹ́ abẹ á la ojú kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibàdí, á ti ibẹ̀ ki ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ihò eegun, ayùn náà á máa yí láti inú, á sì gé eegun náà ní ojú méjì. Eegun tó wà láàárín ojú méjèèjì, tó dà bí òrùka, ni wọ́n á là, wọ́n á sì tì í sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ kí wọ́n fẹnu kora, wọ́n á ki ọ̀pá irin gígùn kan bọ inú wọn, wọ́n á fi ìṣó irin dè é lókè àti nísàlẹ̀ kó má bàa yí. Bí wọ́n bá parí ọ̀tún, wọ́n á ṣe òsì. Ọ̀pá irin inú eegun yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Dókítà ará Jámánì kan, Gerhard Küntscher, ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún 1940 fún àwọn tí itan wọn ṣẹ́, òun náà ló sì ronú ayùn tó ń gé eegun láti inú.

Mélòó ni wọ́n lè gé? Nínú eegun itan, nǹkan bíi sẹ́ǹtímítà 5. Nínú eegun ojúgun, kò ju nǹkan bíi 3 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹran ara kì í bá eegun kúrú. Ẹ wo okùn tí a so mọ́ òpó méjì láti sá aṣọ. Bí a bá sún òpó méjèèjì mọ́ ara wọn, okùn á dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹran itan á ṣe dẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kó tó lè lóṣòó kó sì dìde láìdi nǹkan mú, kó tó lè gun àkàbà, kó tó lè ru ẹrù. Bí wọ́n bá gé ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára yẹn lè máà padà mọ́. Èyí kò tíì kan àwọn ewu mìíràn: ọ̀rá inú mùdùnmúdùn lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, eegun sì lè kọ̀ láti so pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò ọjà ṣe é. Ẹni tó ga tó mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 24 bí Agoro, kí wọ́n gé 5 nínú itan rẹ̀, kí wọ́n tún padà wá gé 3 nínú ojúgun, yóò ku mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 16. Yóò ṣì máa bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ yàrá. Ọkọ̀ èrò kò ní gbà á. Apá rẹ̀ kò kúrú, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ á tún wá sún mọ́ orúnkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló wá rí gbà?

Àwọn tó ń lọ ṣe é lókè òkun kì í sábà jẹ́ òmìrán rárá. Obìnrin tó ga tó mítà 1 àti sẹ́ǹtímítà 88 ni, tàbí ọkùnrin tó ga tó mítà 2, tí ara wọn le koko, tí ojú àwọn ènìyàn ti sú wọn. Dókítà eegun tó ń gbà láti ṣe é fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Tiwa ni pé a kò lè fi wọ́n ṣẹlẹ́yà, nítorí ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí sẹ́ǹtímítà 5.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ abẹ yìí ti wúlò gan-an, ó sì kan àwa níhìn-ín. Ẹ mọ iye ènìyàn tí zémíjàn ti gbé ṣubú lójú ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́, tí itan wọn ṣẹ́, tó sì jinná ní kúkúrú. Ẹsẹ̀ kan á gùn ju èkejì lọ, ẹni náà á máa tiro, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ju nǹkan bíi sẹ́ǹtímítà 2 lọ, kí aṣebàtà fi kún àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan ti tó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè gé ẹsẹ̀ tó gùn, kó bá èkejì dọ́gba, tàbí kó fa èyí tó kúrú gùn. Fífà yẹn ni Gavriil Ilizarov bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Kurgan ní Rọ́ṣíà: wọ́n á gé eegun, wọ́n á fi òrùka irin yí ẹsẹ̀ ká lóde, wọ́n á sì máa yà á díẹ̀díẹ̀, mìlímítà kan lóòjọ́, eegun tuntun á sì máa hù sí àárín. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fún ní oògùn

Kí ènìyàn tó dàgbà tán, ọ̀nà mìíràn wà. Ní ìpẹ̀kun eegun ọmọdé, ibi rírọ̀ kan wà tí eegun tuntun ti ń hù. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ga. Bí ó bá bàlágà, oje ara tó ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin, tó sì ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin, á mú kí ibi rírọ̀ náà le, gíga á sì dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 15, ọkùnrin ní nǹkan bí ọdún 17. Bí ibẹ̀ bá ti pa dé, kò sí àgbo, kò sí kápúsù, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè mú ènìyàn ga sí i tàbí kó mú un kúrú. Ẹni tó bá ń ta irú rẹ̀ fún yín nínú ọkọ̀ tàbí lọ́jà, owó yín ló ń wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1956 sí 1960, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ronú pé bí oje obìnrin bá ń pa ibi rírọ̀ náà dé, a lè fún ọmọbìnrin tó ń ga jù ní púpọ̀ rẹ̀, kó lè tètè dúró. Wọ́n á ya àwòrán eegun ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n á ṣírò bí yóò ṣe ga tó, bí ó bá sì ti ju iye kan lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn lójoojúmọ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ara àwọn ọmọ wọ̀nyí le. Ohun tó ń ba àwọn ìyá lẹ́rù ni pé ta ni yóò fẹ́ ẹ? A mọ ọ̀rọ̀ yẹn. A máa ń gbọ́ ọ níhìn-ín pẹ̀lú, nídìí ìdáná, bí àwọn ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó bá ń wo ọmọ tó ga ju ọkọ lọ.

Ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n lò ni stilboestrol. Ní ọdún 1971 ni wọ́n wá rí i pé àwọn obìnrin tó lo oògùn yìí nínú oyún ń bí ọmọbìnrin tí àrùn jẹjẹrẹ abẹ́ máa ń mú ní kékeré. Àwọn ọmọbìnrin gíga wọ̀nyẹn kò lóyún nígbà tí wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n di obìnrin ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n fún wọn gan-an. Ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí wá wọn rí, àwọn tó lo oògùn àti àwọn tí dókítà yẹ̀ wò ṣùgbọ́n tí wọn kò lò ó. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Àwọn tó lo oògùn náà ti wá ọmọ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí oyún, ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lò ó. Wọ́n ní kí ọmọ lè rí ọkọ ni wọ́n ṣe fún un ní oògùn, oògùn náà ló wá ń dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, sẹ́ǹtímítà mélòó kan tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n fi dí i.

Lónìí, àwọn dókítà ní Súwídìn àti Nẹ́dálándì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ga púpọ̀, lè lo iṣẹ́ abẹ kékeré dípò oògùn. Wọ́n á fi irin lílu lu ihò wẹ́wẹ́ sí ibi rírọ̀ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ orúnkún ọmọ náà, ibẹ̀ á sì pa dé ṣáájú àkókò. Kò le tó gígé eegun àgbàlagbà, ọmọ náà á sì tètè padà rìn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pa á dé, kò ṣe é ṣí mọ́. Àwọn dókítà fúnra wọn ṣì ń bára wọn jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí kò ju ẹ̀wà kan lọ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn ibi tí ihò imú parí sí, ohun kékeré kan wà tí kò ju ẹ̀wà kan lọ. Àwọn dókítà wa tó ń sọ Faransé ń pè é ní hypophyse. Òun ló ń tú oje tó ń mú ara dàgbà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kókó bá hù lára rẹ̀, oje náà á pọ̀ jù. Kókó yìí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibi rírọ̀ eegun kò tíì pa dé, ọmọ náà á máa ga lọ, á máa ga lọ, kò ní dúró.

Ọkùnrin Irish kan wà tó ń jẹ́ Charles Byrne, tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1782 kí àwọn ènìyàn lè máa sanwó wò ó. Ó ga tó mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 31. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó kú, ọmọ ọdún 22 péré. Kó tó kú, ó ti mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ abẹ ń dọdẹ òkú òun, ó sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sin òun sínú òkun. Owó ti gba ibòmíràn kọjá. John Hunter, oníṣẹ́ abẹ tó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ra òkú náà, ó bọ eegun rẹ̀, ó sì gbé e ró sílé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣí ní ọdún 2023, wọ́n kò gbé e síta mọ́. Àwa tí a mọ ohun tí ìsìnkú túmọ̀ sí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Ní ọdún 1909, Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ láti Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n ṣí agbárí Byrne, ó sì rí i pé kòtò kékeré tí hypophyse máa ń jókòó sí ti fẹ̀ jù. Kókó ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí yẹ eyín rẹ̀ wò, wọ́n sì rí àbùkù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀, irú èyí tó wà lára àwọn kan tó ń gbé ní Àríwá Ireland títí di òní, tí àwọn náà ní irú kókó yẹn. Èyí túmọ̀ sí pé ó lè máa rìn nínú ìdílé. Bí dókítà bá rí i lára ọmọ kan, kí ẹ béèrè nípa àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Robert Wadlow, ará Amẹ́ríkà, ni ẹni tó ga jù lọ nínú gbogbo àwọn tí wọ́n tíì wọ̀n dájú: mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 72. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́, kò sì mọ ohun tó bá kàn án lẹ́sẹ̀ dáadáa, nítorí náà wọ́n fi irin dè é kó lè rìn. Irin náà ha á lọ́rùn ẹsẹ̀, kò tètè mọ̀, ọgbẹ́ náà kẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1940 ó kú, ọmọ ọdún 22 bíi Byrne. Ó ṣì ń ga lọ lọ́wọ́ nígbà tó kú. Nígbà náà, kò sí oògùn tó lè dá a dúró.

Ẹ wá wo Sultan Kösen, ará Tọ́kì, ọmọ àgbẹ̀ láti Mardin. Ní ọdún 2009 wọ́n wọ̀n ọ́n, ó tó mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 46 àti àbọ̀. Ní ọdún 2011, ó ti di mítà 2 àti sẹ́ǹtímítà 51, ẹni ọdún 28. Kókó ló wà lábẹ́ ọpọlọ tiẹ̀ náà. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ní yunifásítì Virginia, ní Amẹ́ríkà, fún un ní oògùn tó ń dín oje náà kù, wọ́n sì fi ìtànṣán ẹ̀rọ kan sun kókó náà láìla orí rẹ̀. Ìtànṣán yẹn kì í yára ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣì ga díẹ̀ sí i. Ní ọdún 2012 ni wọ́n kéde pé ó ti dúró. Kò kúrú, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó fẹ́yàwó, ó sì ń rìnrìn àjò káàkiri ayé. Kò sẹ́ni tó gé eegun itan rẹ̀. Inú orí ni wọ́n wò.

Bí kókó náà bá ṣeé yọ, inú ihò imú ni oníṣẹ́ abẹ ń gbà wọlé lọ yọ ọ́. Kò ní fi àpá kankan sí ojú. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, abẹ́rẹ́ oṣooṣù wà tó ń dín oje náà kù. Bí wọ́n bá rí i nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́, gíga náà á dúró níbi tó dé, á sì kàn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin gíga kan láàárín ìlú, agùntáṣọọ́lò bí a ti ń sọ.

Ọkùnrin kan ní Gambaga

A kò nílò láti lọ jìnnà púpọ̀. Ní Gambaga, lápá àríwá Gánà, kò jìnnà púpọ̀ sí ààlà Tógò, Sulemana Abdul Samed wà tí àwọn ará ìlú ń pè ní Awuche. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, BBC gbé ìròyìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn àdúgbò ti sọ fún un pé ó tó ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ìnṣì 6, iye tí yóò mú un ga ju gbogbo ènìyàn tó wà láyé lọ. Ọ̀pá ìwọ̀n wọn ni kò gùn tó o. Oníròyìn náà mú tépù gígùn lọ, ó wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rí ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ìnṣì 4. Iye kan náà pẹ̀lú Agoro.

Iṣẹ́ alápatà ló ń ṣe ní Akra, kó tó di pé ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ní ahọ́n òun ló kọ́kọ́ ń tóbi, débi pé mímí di ìṣòro. Lẹ́yìn náà ni gíga ń bá a nìṣó. Ó padà sílé. Taya ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi rán sálúbàtà fún un, nítorí kò rí bàtà tó gbà á. Àwọn dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ inú orí ni yóò dá gíga náà dúró, ṣùgbọ́n owó ìdáàbòbò ìlera ìjọba ibẹ̀ kò san irú rẹ̀. Ẹ tún ibẹ̀ kà. Kì í ṣe pé kò sí ìmọ̀, owó ni kò sí. Àwọn tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó lè sanwó fún un lọ.

Àwọn dókítà tún sọ pé wọ́n rí àmì àrùn Marfan lára rẹ̀. Àrùn yìí kì í ṣe ti hypophyse, abínibí ni. Ohun tó ń so ara pọ̀ ni kò le tó bó ṣe yẹ. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ á ga, á tín-ín-rín, ìka ọwọ́ rẹ̀ á gùn bíi ti alántakùn, bó bá na apá méjèèjì, á gùn ju gíga rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ lè máà ríran jìnnà. Ewu rẹ̀ wà nínú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Iṣan náà á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìdun ẹnikẹ́ni, títí ọjọ́ tí yóò ya.

Flo Hyman, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ga tó mítà 1 àti sẹ́ǹtímítà 96, wà lára àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá jù láyé. Gíga rẹ̀ làwọn ènìyàn ń yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1986, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Jàpáànù, wọ́n ní kó wá jókòó sinmi díẹ̀, ó ṣubú láti orí ìjókòó, ó kú. Ẹni ọdún 31 ni. Ìgbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò ni wọ́n tó mọ̀ pé àrùn Marfan ni, iṣan ńlá náà ti ya. Wọ́n yẹ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wò, wọ́n bá a lára òun náà, wọ́n sì tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, ló máa ń fi ìbú iṣan náà hàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, bó bá sì ti fẹ̀ jù, wọ́n lè fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó bá ní in gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lóyún, nítorí oyún máa ń mú kí ewu náà le sí i.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ga, tí òun náà sì ń ga lọ́dọọdún bó ṣe yẹ, kò ní àìsàn kankan. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má pè é ní òpó iná. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ọmọ tó ti wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yára, tàbí ọ̀dọ́ tí gíga rẹ̀ yẹ kó ti dúró, tí ṣòkòtò rẹ̀ sì ń kúrú lọ́dọọdún. Ẹ fa èédú sí ara ògiri níbi tí orí rẹ̀ dé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ tún ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ògiri kì í parọ́.

Àgbàlagbà náà lè ní kókó yìí. Òun kò ní ga mọ́, nítorí eegun rẹ̀ ti pa dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tóbi. Òrùka ìgbéyàwó kò ní wọ̀ mọ́. Ó wọ bàtà 42 tẹ́lẹ̀, ó ti di 44. Àgbọ̀n á yọ síwájú, eyín á máa yà, ohùn á nípọn, á máa hanrun lóru, á máa làágùn, orí á máa fọ́ ọ, àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lè bá a. Bí kò bá rí ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ mọ́, tó ń fara gbún ilẹ̀kùn, kókó náà lè ti máa tẹ iṣan ojú mọ́lẹ̀, kí ó má dúró rárá. A ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ayé ló ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ná.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba ìwé láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi CNHU ní Kútọnu tàbí CHU Sylvanus Olympio ní Lomé. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà, láti mọ ìwọ̀n oje ìdàgbà náà. Bí ó bá pọ̀ jù, wọ́n á ní kí wọ́n ya àwòrán inú orí. Kí ẹ sọ gíga bàbá àti ìyá fún dókítà, kí ẹ sì sọ bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bá ti kú lójijì láìtọ́jọ́. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ dání pẹ̀lú. Àwọn dókítà máa ń fi ojú ẹni náà báyìí wé ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nítorí àwa tí à ń rí i lójoojúmọ́ kì í mọ̀ pé ó ń yí padà. Èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ti tó.